Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Bàbá Wolé-wolé ní Ohun Tí Yóò Sọ fún Dókítà

Bí ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni bàbá ọkọ mi, ẹni tó máa ń ṣí ìdérí nǹkan wò ni n óò pè é. Àmù omi ni o, ìkòkò ọbẹ̀ ni o, garawa tí wọ́n fi páálí bò ni o, bí Bàbá Nehemiah Ajíbádé bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ìjọba fi ní kó lọ sinmi, orí kẹ̀kẹ́ ló sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin Iléṣà á rí i lókèèrè tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkèsà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tí tanwíjí ti ń jó nínú rẹ̀ nù. Ẹni tí kò bá rí àyè dà á á yára ti ìkòkò náà sábẹ́ ibùsùn. Bàbá á wọlé, á kí tèwe tàgbà, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí yóò yọjú wo abẹ́ ibùsùn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ilé tí wọ́n bá gbá mọ́ jù ni òun máa ń pẹ́ sí jù.

Ó ti fẹ̀yìn tì kí n tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé nìkan ni ìfẹ̀yìntì yẹn wà. Èmi Nọ́síràtù, ọmọ Òṣogbo ni mí, ilé àwọn tó ń rẹ aṣọ ní aró ni wọ́n ti bí mi, a kì í fi omi ṣeré nílé wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé oúnjẹ fún Bàbá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, kó tó bu òkèlè, ó dìde, ó lọ ṣí dúrọ́ọ̀mù omi mi, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó padà wá jókòó. Ó ní, "Ìyàwó mi, omi rẹ mọ́. Mo lè jẹ uyán rẹ." Inú bí mi gidigidi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyìn ńlá ni, pé àwọn obìnrin wà ládùúgbò wọn tí Bàbá kò tíì yin omi wọn rí.

Ọmọ méjì ni Bàbá bí: ọkọ mi, tí iṣẹ́ gbé lọ sí Kàdúná tó sì ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, torí náà èmi ni mo fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní orúkọ tí mo ń pè é, Eyínfúnjowó. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, àmọ́ èèyàn kì í sábà rí i, nítorí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Òun náà ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìgbọ́wọ́lé ní katikísímù ní ìjọ Áńgílíkà wọn. Bí Eyínfúnjowó bá bi ọ ní ìbéèrè, wàá kọ́kọ́ na ara rẹ tọ́ kó o tó dáhùn.

Ọdún kan tí epo bẹntiróòlù wọ́n ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ń sùn sílé epo, àwọn onímọ́tò ń sùn sínú rẹ̀. Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lára wọn lówùúrọ̀, á ṣíwọ́ kí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ní í fi ẹ̀rín rẹ̀ pa mọ́. Oko kòkó rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbokún ló ń lọ. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà àfararọ, bó ti ń gòkè ló ń sọ̀kalẹ̀, ó sì máa ń gbé iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Inú Eyínfúnjowó kì í dùn sí i. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì wá kí i ní ọ́fíìsì pé, "Bàbá mà lágbára o, ma." Òun nìkan ló mọ bí ìkíni yẹn ṣe ń gún un.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Julianah tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ìjọ wọn to àwọn àgbàlagbà jókòó, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn. Ó kan Bàbá. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago. Ó fi í sílẹ̀, ó gbọn aago náà, ó gbé e sétí, ó tún di ọwọ́ Bàbá mú.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ jẹun láàárọ̀?"

"Mo jẹ uyán."

"Ṣé nǹkan kan ò ṣe yín?"

"Kí ló fẹ́ ṣe mí?"

Julianah pe Eyínfúnjowó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn Bàbá ń lọ́ra, pé bí ó bá lù lẹ́ẹ̀kan, á dúró bí ẹni tó ń ronú kó tó tún lù. Ó ní dókítà ọkàn kan máa ń wá sí ọsibítù kan l'Óṣogbo, òun yóò bá wọn gba ọjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ọkàn ẹlòmíì tó bá lọ́ra báyẹn, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń rán sí i lábẹ́ awọ àyà, Ìbàdàn sì ni wọ́n á ti wádìí rẹ̀. Kí wọ́n má bẹ̀rù, ẹ̀rọ lábẹ́ awọ àyà. Èmi ò mọ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń to ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba Eyínfúnjowó gidigidi, n kò sì bá a wí. Ọ̀rọ̀ ọkàn ló pa ìyá wọn náà. Ìyá jókòó sórí àga, ó ní òun fẹ́ mu omi, kí Eyínfúnjowó tó gbé omi dé, ó ti lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òùngbẹ ń gbẹ òun nílé yẹn, eré ni Eyínfúnjowó fi ń lọ bu omi.

Bàbá ní tirẹ̀, kò bẹ̀rù. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni pé nǹkan kan wà lábẹ́ ìdérí tí òun kò tíì wò rí láyé òun. Ó ní kí Julianah fi ibi tó ń fọwọ́ kàn hàn òun. Julianah fi hàn án, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó wọlé kí Bàbá mọ́ tí Bàbá kò ní í di ọrùn ọwọ́ onítọ̀hún mú. Ó gbọ́ ti alùfáà, ó gbọ́ ti ẹni tó wá ra kòkó. Ó gbọ́ ti ewúrẹ́ lábẹ́ itan. Ó gbá adìẹ kan mọ́ra, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Kí ló ń lé èyí?" Nígbà tí mo mú ọmọ mi, Shalom, lọ kí i, ó gbọ́ ti ọmọ náà nígbà tó ń sùn, ó tún ní kó sáré yí ilé ká, ó tún gbọ́ ọ.

Ó ní, "Nọ́síràtù, wò ó. Bí ọmọ bá sáré, ó ń yára. Bí ó bá sinmi, ó ń rọlẹ̀. Ti nǹkan kéékèèké ń yára ju ti nǹkan ńlá lọ. Ó yé mi dé ibẹ̀. Kí ló wá dé tí tèmi fi ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ?"

Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wọ̀ mí lára débi pé, ní ọ́fíìsì mi l'Ábẹ̀rẹ̀, mo máa ń di ọrùn ọwọ́ ara mi mú lábẹ́ tábìlì nígbà tí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀. Tèmi máa ń yára nígbà tó bá ń pariwo. Mo fẹ́ kí ọjọ́ dókítà tètè pé, kí n lè gbọ́ ìdáhùn.

Eyínfúnjowó kò ní àyè ìbéèrè. Ìmúrasílẹ̀ ló ń ṣe. Ó gba Bàbá ní kẹ̀kẹ́, ó ní títí dókítà yóò fi rí wọn, kò sí oko, kò sí òkè, ìsinmi ni. Bàbá gbà. Ó fi epo pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà, ó tì í sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi aṣọ bò ó kí eruku má bà á. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni.

Ìkórè ìjọ wọn bọ́ sí àárín ìgbà náà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkórè n'Íléṣà: kálukú á gbé ohun tó bá ní wá fún Ọlọ́run, iṣu, àkùkọ, kòkó, aṣọ, wọ́n á sì tà wọ́n lójú agbo fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Bàbá jókòó síwájú láàárín àwọn àgbà ìjọ. Àfi bí ó ṣe rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tì bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n kéde pé ọrẹ ìdúpẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìdílé Ajíbádé ni, fún ìwòsàn tí Ọlọ́run yóò ṣe fún bàbá wọn. Eyínfúnjowó kò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Kí ni bàbá kan lè sọ lójú gbogbo ìjọ? Ta ló fẹ́ dìde kó ní kí Ọlọ́run dá kẹ̀kẹ́ òun padà? Wọ́n ní ó dìde, ó pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù. Àgbẹ̀ kan láti Ìbòdì ló rà á, ó sì gùn ún lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo gbọ́, inú mi ru. Mo fẹ́ lọ bá Eyínfúnjowó n'Íléṣà kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ọkọ mi tó wálé lópin oṣù ló ní kí n fi sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni. Ìyàwó ilé ni wá, wọ́n á ní kí ni tiwa nínú ẹ̀. Mo fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi.

Wọ́n gbé Bàbá wá sọ́dọ̀ mi ní Igbona, l'Óṣogbo, ṣáájú ọjọ́ dókítà, kó lè sinmi dáadáa, kó má sì jìnnà sí ọsibítù. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó ti ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀mù omi àwọn tá a jọ ń gbé ilé náà. Susannah tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa bínú fún odindi ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ló lọ fọ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tán fún Bàbá. Ó ń jókòó. Ó ń wo ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Nígbà tó ṣe, mo ṣàkíyèsí pé bí ó bá gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa, á dúró, á máa mí hẹlẹ. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìbokún. Ó ní, "Ara mi ń wúwo, Nọ́síràtù. Bóyá àìsàn ọ̀hún ló dé." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rù lóhùn rẹ̀, ó sì dùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ dókítà, Eyínfúnjowó dé láti Iléṣà pẹ̀lú báàgì aṣọ. Ó lọ aṣọ funfun Bàbá, ó kun bàtà rẹ̀. Ó wá gbé àga méjì kojú ara wọn ní pálọ̀, ó mú Bàbá jókòó sórí ọ̀kan. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń wò wọ́n. Kíláàsì katikísímù gan-an ló di.

"Kí ni iṣẹ́ yín, Bàámi?"

"Wolé-wolé ni mí."

"Ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti fẹ̀yìn tì."

"Kí lẹ ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?"

Bàbá wojú mi. Ó ní, "Mo ń jókòó n'úlé. Mo ń sinmi. Àwọn ọmọ mi ń tọ́jú mi."

"Ta ló ń ṣe oko yín?"

"Èmi ni, uṣẹ́ ọ̀hún pọ̀."

"Alágbàṣe, Bàámi. Alágbàṣe ló ń ṣe é."

"Alágbàṣe ló ń ṣe é."

"Ṣé ẹ máa ń rìn jìnnà?"

"Rárá."

Wọ́n ṣe é títí ó fi mọ́ Bàbá lẹ́nu. Mi ò lè mú un mọ́ra, mo ní, "Eyínfúnjowó mi, ṣé dókítà ò ní fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí gan-an ni?"

Ó yí ojú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, bí dókítà bá gbọ́ pé bàbá arúgbó, opó, tó ní irú ọkàn báyìí, ń gun kẹ̀kẹ́ lọ oko lójoojúmọ́, ìbéèrè wo ló máa kọ́kọ́ bi wá? Á ní ṣé kò bímọ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó yí ojú padà sí Bàbá. "Ọbẹ̀ rẹ ń jó."

Ọbẹ̀ mi ò jó. Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo rò ó bó ṣe yẹ kí wọ́n ro ọbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń jó. Bàbá wá bá mi nídìí ààrò lẹ́yìn náà, ó ṣí ìkòkò wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń wo abẹ́ ibùsùn àwọn èèyàn. Òní ni wọ́n wá ti èmi náà sábẹ́ ibùsùn." Mo ní kó má gbà. Ó ní, "Ọmọ mi ni. N kò ní í jẹ́ kí ojú tì í lọ́dọ̀ àlejò."

Ilẹ̀ mọ́, a wọ takisí lọ sí ọsibítù. A dúró pẹ́ láàárín àwọn èrò. Bàbá rí dúrọ́ọ̀mù omi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó dì í mú, ó ti ṣí i. Nígbà tí wọ́n pè wá, dókítà tá a bá nínú yàrá kéré lọ́jọ́ orí ju bí mo ṣe rò lọ. Dókítà Jibril lorúkọ rẹ̀, ó wọ dígí, ohùn rẹ̀ kò le. Ó kí Bàbá dáadáa, ó wá ní kó dùbúlẹ̀. Wọ́n so wáyà mọ́ àyà rẹ̀ àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, bébà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá na ọrùn débi pé wọ́n ní kó sùn dáadáa.

Ó ní, "Ṣé ọkàn mi ló ń kọ̀wé yẹn?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní ó lọ́ra púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Gbogbo ohun tí Eyínfúnjowó kọ́ Bàbá ni dókítà béèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé wọ́n jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá ń dáhùn geere, ètè ọmọ rẹ̀ sì ń mì pẹ̀lú tirẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ń jókòó nílé. Alágbàṣe ló ń ṣe oko. Bí ó ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ojú dókítà ń le sí i. Ó béèrè bóyá òòyì ń kọ́ ọ. Bàbá ní rárá, òótọ́ sì nìyẹn. Ó béèrè bóyá ó máa ń mí hẹlẹ.

"Láìpẹ́ yìí."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

Bàbá wo Eyínfúnjowó. Wọn ò kọ́ ìyẹn ní kíláàsì.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní bí ẹni tó ń jókòó nílé láti àárọ̀ di alẹ́ bá ní ọkàn tó lọ́ra tó báyìí, tí kò sì lè mí dáadáa mọ́, òun ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òun yóò kọ ìwé sí Ìbàdàn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á fi ẹ̀rọ sí i láyà. Eyínfúnjowó di apá àga mú. Bàbá fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti yọ wáyà. Mo ní nínú ọkàn mi pé bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ báyìí, èmi ìyàwó ilé ni n óò sọ ọ́, ohun tí wọ́n bá fẹ́ pè mí kí wọ́n pè mí.

N kò tíì ya ẹnu nígbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò bóyá ẹsẹ̀ Bàbá wú. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀, kò wú. Ó wá rí iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun. Ó fọwọ́ kàn án, ó le gbagidi. Ó wo ẹsẹ̀ kejì. Ó gbé ojú sókè láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí.

Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ tó ń jókòó nílé kì í rí báyìí."

Bàbá ń wo ọkùnrin tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń yọjú wo ohun tí wọ́n gbé pamọ́. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ sí i lẹ́nu, ó pọ̀ sí i, ó di ẹ̀rín gidi.

Ó ní, "Dókítà, o ti wo abẹ́ ibùsùn. Kò sí ohun tí mo tún lè ṣe. Kẹ̀kẹ́ ni."

Ó sọ ti kẹ̀kẹ́ àti oko àti òkè Ìbokún. Dókítà gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Inú ọkùnrin náà dùn, èmi gan-an rí i, bí inú Bàbá ṣe máa ń dùn nídìí àmù. Ó ń béèrè pé òkè wo, pé ṣé Bàbá máa ń sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ bí òkè náà bá le. Bàbá ní, "Kí n sọ̀kalẹ̀ ṣe kí ni?" Dókítà bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn ń tì kiri ara. Ẹni tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, ọkàn rẹ̀ á lágbára, á sì tóbi díẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí tèmi ń lù lẹ́ẹ̀mejì kó tó tì í jáde, ẹ̀ẹ̀kan ni tiyín ń lù tó ti ṣe é. Kí ló tún fẹ́ máa sáré fún? Àìsàn kọ́ lèyí. Ìbàdàn ò kàn yín."

Bàbá ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ìdáhùn ọ̀hún ti dé ibi tó ti ń wá a. Lẹ́yìn náà ló béèrè ti adìẹ, dókítà sì ní òótọ́ ló sọ, nǹkan kéékèèké ni ọkàn wọn ń yára jù. Bàbá wojú mi bí ẹni tó yege ìdánwò.

Dókítà ní mímí hẹlẹ yẹn, ara tó ti mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n sì dá jókòó lójijì ló fà á. Kó padà sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó padà wá kí òun tún rí i lẹ́yìn oṣù kan. Ó wá ní, "Àmọ́ Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró?"

Bàbá kò ronú rárá. Ó ní, "Èmi ni. Ó rẹ̀ mí. Mo fi í ta Ọlọ́run lọ́rẹ ní ìkórè. Àwọn ọmọ mi bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é, n kò gbọ́."

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Eyínfúnjowó, tí kò sunkún lójú wa nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀. Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ tó máa ń gbé pamọ́ fún ilé ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Urọ́ ni, dókítà. Èmi ni. Wọn ò mọ̀ rárá. Mo mú ohun tí kì í ṣe tèmi, mo fún Ọlọ́run." Ó yí sí Bàbá, ó ń sunkún.

Bàbá ní, "Phebe, dìde. Ulẹ̀ ọsibítù ò mọ́."

Kò dìde títí Bàbá fi fúnra rẹ̀ fà á sókè. Dókítà bọ́ dígí rẹ̀, ó ń nù ún. Mo sunkún, n kò ní í purọ́. Nígbà tá a jáde, Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má dààmú ara rẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́, pé Ọlọ́run ti gbà á, ó tán. Eyínfúnjowó nu ojú, ó fọn imú. Ó ní, "Ọlọ́run kì í gun kẹ̀kẹ́, Bàámi." Kò bá wa padà sílé jẹun. Láti ẹnu géètì ọsibítù ló ti wọ ọkọ̀ Iléṣà.

Ní Sátidé, mo mú Bàbá padà sílé rẹ̀ n'Íléṣà. Eyínfúnjowó ò sí nílé. Àwọn ará ilé ní ó ti lọ Ìbòdì láti àárọ̀. Bàbá gbé àga sí ìta, ó jókòó. Lẹ́yìn tí a dé, epo tán pátápátá nílùú, èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì, torí náà mo ń rò ó bó ṣe fẹ́ dé. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, a gbọ́ ariwo àwọn ọmọ láti òkè. Wọ́n ń sáré bọ̀, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ pàápàá. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ló wà láàárín wọn, lórí kẹ̀kẹ́ Bàbá. Ó ti ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, eruku ti bo orí rẹ̀. Àwọn obìnrin jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó. N kò mọ̀ pé ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ohun tó sọ fún ọkùnrin Ìbòdì náà tí ìyẹn fi yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ó dé iwájú ilé, kò lè sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Bàbá dìde lórí àga. Kò wo ṣéènì, kò wo táyà. Ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn gírígírí fún ọmọ rẹ̀, kó lè rọra gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀.